Aṣòfin ló ń fọwọ́ sí owó, ṣùgbọ́n ta ló lè béèrè rẹ̀?

Bí ẹnì kan bá wá fi àbádòfin aṣòfin rẹ̀ yangàn níwájú mi, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni pé: ṣé ìjọba ti fọwọ́ sí ìnáwó inú rẹ̀? Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹni tó ń dìbò lórí ìṣúná lè ná owó bó ṣe wù ú. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Láti ọdún 1713 ni ilé aṣòfin kékeré ti Ìlú Ọba ti fi í ṣe ìlànà pé àwọn kò ní í jíròrò lórí àbá tó máa mú owó jáde lápò ìjọba, àfi èyí tí adé bá fẹnu sí. Lónìí, mínísítà ló ń gbẹnu sọ fún adé. Aṣòfin lè dín iye tí wọ́n béèrè kù, ó tiẹ̀ lè kọ gbogbo rẹ̀. Kó bù sí i ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe ń rí. Ní oṣù Kejìlá 2017, àbádòfin Afzal Khan, aṣòfin ẹgbẹ́ alátakò, lórí pípín àgbègbè ìdìbò yege nígbà tí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó ku kí mínísítà gbé àbá owó rẹ̀ kalẹ̀, ìyẹn àbá tí ìjọba fi ń gbà kí wọ́n náwó lórí àbádòfin. Kò gbé e. Ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó tó yẹ kó tú àbádòfin náà wò wá ń pàdé ṣáá ní 2018: wọ́n á jókòó, wọ́n á ráhùn, wọ́n á dìde, láìfọwọ́ kan ìlà kan. Àbádòfin náà kò dòfin. Lójú tèmi, àṣejù nìyẹn. Torí kí aṣòfin kọ̀ọ̀kan má baà máa wá owó fún àgbègbè tirẹ̀, kí gbèsè sì di ti ìjọba, ni ìlànà yìí ṣe wà. Kì í ṣe torí kí mínísítà lè fi sé ilé lẹ́nu lẹ́yìn tí ilé ti dìbò.

Ti Faransé tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abala 40 ìwé òfin wọn ti 1958 ka àbá aṣòfin tó bá fi kún ìnáwó ìjọba léèwọ̀. Èyí tó bá máa dín owó tó ń wọlé kù nìkan ló lè ríbi gbà, bí aṣòfin bá tọ́ka sí owó mìíràn tó máa dí àlàfo náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ àbá wọn pé kí ìjọba bù sí owó-orí tábà. Ká ní gbogbo àbá wọ̀nyẹn ń ṣẹ ni, ta ló máa lówó sìgá?

Amẹ́ríkà ni kò bá wọn lọ. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì lè fi kún ohun tí Ààrẹ béèrè. Ẹ̀yìn ìfọwọ́sí ni ìjà tiwọn ti ń bẹ̀rẹ̀: Ààrẹ Nixon kọ̀ láti ná owó tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀, wọ́n sì ṣòfin ní 1974 láti dí ọ̀nà náà. Ní 1998, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún fagi lé òfin tó gba Ààrẹ láàyè láti máa yọ ìnáwó kọ̀ọ̀kan kúrò nínú òfin tó ti buwọ́ lù.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí aṣòfin Faransé tó kàn ní kí ìjọba kọ ìròyìn lórí ọ̀rọ̀ kan, ẹ má tètè rẹ́rìn-ín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ owó ló fẹ́ béèrè, tí abala 40 kò jẹ́.