Níbo ni ẹmẹ̀sẹ̀ inú kọ̀ǹpútà, aṣojú tó ń bá ni sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀, ti kọ́ ojú àánú?

Àwọn kan á ní ọdún 1997 ni, nígbà tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà Rosalind Picard gbé ìwé rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà àti ìmọ̀lára jáde. Ìwé ńlá ni, àmọ́ inú ẹnì kan ló pọ̀ jù níbẹ̀: ohun tí ẹ̀rọ lè rí lójú, lóhùn àti nínú òógùn àtẹ́lẹwọ́. Ojú àánú ti àárín ẹni méjì ti wà ṣáájú.

Ààfin ni ká lọ. Aṣojú tó ń bá ni sọ̀rọ̀ lójú kọ̀ǹpútà yẹn, Èkìtì ní orúkọ fún un: ẹmẹ̀sẹ̀. Ewì ní tirẹ̀ l'Ádó, Ajerò ní tirẹ̀ n'Ìjerò. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ló gbé dání, síbẹ̀ bí a bá rán an níṣẹ́ ẹrú, tọmọ ni yóò fi jẹ́ ẹ. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà, yóò kọ́kọ́ wo ilé: ṣé òkú sùn ni àbí wọ́n ń kómọ jáde? Ìgbà, ìṣẹ̀lẹ̀ àti ipò onílé ni yóò fi yan ìkíni: ẹ kú ewu, ẹ kú oríire, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Bó bá ṣi ọ̀kan nínú mẹ́ta wọ̀nyí, iṣẹ́ bàjẹ́, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ ọba dùn tó.

Ẹ tún wo èdè wa. Inú ní ń dùn, inú ní ń bíni, ṣùgbọ́n ojú ní ń tini, ojú la sì fi ń ṣàánú. Ta ni ojú ń tì nínú yàrá tó dá wà sí?

Ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, Joseph Weizenbaum gbé ELIZA, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ìwé kíkọ bá ni sọ̀rọ̀, jáde lọ́dún 1966. Kò mọ̀ ju kó sọ gbólóhùn rẹ di ìbéèrè, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń tú àṣírí fún un. Ní yunifásítì Stanford, Clifford Nass àti Byron Reeves jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ́ ènìyàn níṣẹ́, kí ó sì bi wọ́n bóun ti ṣe é sí. Wọ́n yìn ín. Nígbà tí kọ̀ǹpútà mìíràn tàbí ìwé bi wọ́n, ìyìn rọlẹ̀. A kì í bú ẹni lójú ẹni! Ọdún 1996 ni ìwé wọn jáde, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn yangàn díẹ̀.

Clippy, àwòrán ìdè ìwé olójú méjì tí Microsoft fi sínú ètò ìkọ̀wé wọn, Office 97, ló wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ìwọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, ó yọjú. O lé e, ó gbàgbé pé o lé e. Ẹ̀rín kan náà ló ń rín sí ẹni tí iṣẹ́ ń lé. Ní 2001 wọ́n pa á mọ́, ní 2007 wọ́n yọ ọ́.

Klein, Moon àti Picard (òun náà wá bọ́ sọ́nà tiwa) gbé ọ̀nà míì jáde ní 2002, pẹ̀lú géèmù tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́. Ìlànà tí wọ́n fún ẹ̀rọ rèé: kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ṣeré náà léèrè bó ti rí lára rẹ̀. Jẹ́ kó rojọ́ tán. Tún ẹjọ́ rẹ̀ sọ fún un, kó lè sọ bóyá o gbọ́ ọ dáadáa. Ìgbà yẹn ni kí o tó bá a kẹ́dùn. Àwọn tí ẹ̀rọ ṣe báyìí fún padà sídìí géèmù náà, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ ju àwọn yòókù lọ.

Ẹmẹ̀sẹ̀ òde òní tó ń fọhùn lórí fóònù kò gba àlàyé púpọ̀. Ṣe ló ń dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì kí ó tó gbọ́ ẹ̀sùn.