Ajá kékeré tó ń gbọ̀n nínú kéèjì: irú ilé wo ló yẹ ká wá fún un l'Abuja?

Àbúrò kan tó máa ń lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ ní ilé ìtọ́jú ajá kan lápá Lugbe ló kọ àwọn ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ ajábìnrin kan ni, bíngò lásán, kò tíì pé ọdún kan, ẹ̀bá ọjà ni wọ́n ti rí i, àtìgbà tí wọ́n sì ti gbé e wá ló ti ń fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ kéèjì. Gbogbo ajá tí wọ́n jọ kó wá ló ti rílé lọ, òun nìkan ló kù. Mo ní kó jẹ́ kí n dáhùn ní gbangba, torí ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ló ní irú ajá yìí lọ́wọ́ tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé wọ́n ti lu ajá yìí rí ni? Kò sẹ́ni tó lù ú níbí, síbẹ̀ tí mo bá ti sún mọ́ ọn báyìí, ṣe ló máa lẹ̀ mọ́ ògiri tá á máa gbọ̀n.

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ pé wọ́n lù ú, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá, ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń rú èèyàn lójú nìyẹn. Ọmọ ajá ní àsìkò kan tó máa ń kọ́ ohun tí ayé jẹ́, láti bí ọ̀sẹ̀ 3 tí wọ́n bí i títí dé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 sí 14. Ohun tó bá rí lásìkò yẹn tí kò ṣe é ní nǹkan kan, ì báà jẹ́ èèyàn, ọmọdé, ọ̀kadà, ariwo jẹnẹrétọ̀, ọkùnrin tó wé láwàní, kò ní kà á sí ewu mọ́. Èyí tí kò bá rí títí àsìkò yẹn fi kọjá ló máa ń dẹ́rù bà á. Lọ́dún 1961, àwọn onímọ̀ mẹ́ta l'Amẹ́ríkà, Freedman, King àti Elliot, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n tọ́ àwọn ọmọ ajá sínú ọgbà ńlá tí èèyàn kì í wọ̀, wọ́n wá ń mú wọn jáde sáàárín èèyàn ní ọjọ́ orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ títí dé ọ̀sẹ̀ 14 wá ń sá fún èèyàn bí ẹranko inú igbó. Ẹnikẹ́ni ò lù wọ́n o, wọn ò kàn tètè mọ èèyàn ni.

Wá ronú ajá tí ìyá ẹ̀ bí sábẹ́ ṣọ́ọ̀bù ní Mararaba tàbí Nyanya, tó jẹ́ pé ọwọ́ tó bá nà sí i, òkúta ló ń jù. Níbo ló ti fẹ́ rí ẹ̀kọ́ yẹn kọ́? Ọjọ́ orí tó wà yìí náà tún wà níbẹ̀, torí láti nǹkan bí oṣù 6 lọ, ajá tó ń bàlágà máa ń ní ìgbà tí ẹ̀rù tuntun á kàn ṣàdédé wọ̀ ọ́, ohun tí kò bẹ̀rù lóṣù tó kọjá á wá máa gbó o. Torí náà má fi gbogbo ọjọ́ wá ẹni tó lù ú kiri, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni ibi tó máa gbé.

Ìbéèrè: Àwọn tó ń wá wo ajá ní ojo ti pọ̀ jù lára ẹ̀, pé bó ṣe rí nìyẹn. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá, kò sẹ́ni tó lè mọ ìwà ajá nínú kéèjì. Ronú ibi tó wà ná, ajá bí ogún ń gbó lẹ́ẹ̀kan náà, irin ń dún, òórùn ajá mìíràn gba gbogbo ibẹ̀ kan, kò síbi tó lè sá sí. Láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ l'Amẹ́ríkà wọn ohun kan tó ń jẹ́ cortisol nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ajá tó wà nílé ìtọ́jú, ohun tó máa ń pọ̀ lára tí ọkàn ò bá balẹ̀, wọ́n sì rí i pé ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń ga jù. Wọ́n tún rí i pé ó máa ń rọlẹ̀ tí èèyàn bá jókòó ti ajá náà tó rọra ń fọwọ́ pa á lára. Ohun tí àwọn àlejò ọjọ́ Sátidé yín ń rí, ẹ̀rù ni, kì í ṣe ajá yẹn gan-an.

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ wá ẹni tó máa gbà á sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó rí ẹni tó máa mú un pátápátá. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ya fídíò ẹ̀. Fọ́tò ajá tó ká ìrù sábẹ́ ikùn lẹ́yìn irin, àánú nìkan ló ń mú wá, ẹni tó bá sì torí àánú nìkan mú ajá, ó máa ń tètè rẹ̀ ẹ́.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á, tí kò bá gbọ̀n?

Ìdáhùn: Wo ẹnu ẹ̀ àti ojú ẹ̀. Ajá tó ń yán tí oorun ò kùn ún, tó ń fi ahọ́n lá ẹnu tí kò sóúnjẹ níbẹ̀, tó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí funfun ojú ẹ̀ wá hàn, tí etí ẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ tí oòrùn ò mú, gbogbo ẹ̀, ẹ̀rù ni. Èyí tí àwọn èèyàn máa ń ṣì mọ̀ jù ni ajá tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ tí kò mira, wọ́n á ní ó ti fara balẹ̀, wọ́n á wá kí ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́rùn. Fún un ní ẹran, tí kò bá lè jẹ ẹ́ lójú ẹ, ara ẹ̀ ò tíì balẹ̀.

Tó bá sì kùn sí ẹ, fà sẹ́yìn, má lù ú, má pariwo mọ́ ọn. Kíkùn yẹn ló fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó o jọ̀ọ́ kúrò. Ajá tí wọ́n bá lù títí tí kò fi kùn mọ́, ẹ̀rù ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìkìlọ̀ nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀, lọ́jọ́ tó bá máa bu èèyàn jẹ, kò ní sẹ́ni tó máa gbọ́ nǹkan kan tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀gá kan ní Gwarinpa ní òun fẹ́ mú un lọ ṣọ́lé, ó ní òun á fún wa lówó oúnjẹ àwọn tó kù. Ṣé ká fún un?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un. Mo mọ̀ pé ẹ nílò owó yẹn, mo sì mọ̀ pé l'Abuja níbí, nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá ní òun fẹ́ ajá, ó ṣeé ṣe kí mẹ́jọ nínú wọn máa wá ẹ̀ṣọ́, torí ọ̀rọ̀ olè àti ajínigbé ti kó jìnnìjìnnì bá gbogbo wa, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ayé tí ajá ẹ̀ṣọ́ ń gbé, wọ́n á fi ṣéènì so ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì látàárọ̀, ọkọ̀ á máa fun fèrè, àwọn ọmọ á máa ju nǹkan lù ú lójú ọ̀nà, máígádì tí òun náà ń bẹ̀rù ajá á máa fi igi lé e, ó dalẹ́ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Àwọn kan tún gbà pé tí wọ́n bá ti ajá mọ́nú òkùnkùn tàbí tí wọ́n bá fún un ní ata jẹ, á le. Ajá tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀ gan-an á jìyà níbẹ̀, ká má wá sọ èyí.

Nǹkan méjì lajá tó ń bẹ̀rù máa ń kọ́kọ́ ṣe, kó sá tàbí kó fara pamọ́. So ó mọ́lẹ̀, o ti gba méjèèjì lọ́wọ́ ẹ̀, eyín ló kù. Ẹni tó sì máa bù jẹ lè má jẹ́ olè o, ó lè jẹ́ ọmọ aládùúgbò tó wá mú bọ́ọ̀lù tàbí ìyá tó gbé omi wá. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa pe ẹni tó ń ra ajá fún 404, ìyẹn ẹran ajá, wọ́n á sì gbé e lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ń jẹ ẹran ajá lápá ibí yìí, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó ń jẹ, mo kàn ń sọ pé ẹ má fa ajá tí ẹ gbà là lé ọ̀nà yẹn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ kí wọ́n máa fún èèyàn ní ajá láìbéèrè nǹkan kan. Ẹ lọ wo ilé ẹni tó fẹ́ ẹ, kó fọwọ́ síwèé pé tí kò bá fẹ́ ẹ mọ́, ọ̀dọ̀ yín ló máa dá a padà sí. Ẹni tó bá ní ajá lásán-làsàn ni, kí lẹ ń wá wo ilé òun fún, ó ti dáhùn ìbéèrè yín nìyẹn.

Ìbéèrè: Ta ló wá yẹ kó mú un?

Ìdáhùn: Ẹni tílé ẹ̀ dákẹ́. Èmi máa ń fi ìyẹn ṣáájú owó àti ilé ńlá. Àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ látilé, tọkọtaya tí ọmọ wọn ti dàgbà, ẹni tó ní ògiri tí kò ní ihò àti géètì tó ń tì dáadáa. Tí ajá mìíràn tó níwà pẹ̀lẹ́ bá ti wà nílé náà, ó tún dáa jù, torí ajá tó ń bẹ̀rù máa ń wo ojú ajá ẹgbẹ́ ẹ̀, tí ìyẹn bá lọ bá èèyàn láti gba ẹran, òun náà á tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan. Ilé tí ọmọ kéékèèké ti ń sáré tí wọ́n ń han, èmi ò ní gbé e lọ síbẹ̀ báyìí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé náà o, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà, torí lándílọ́ọ̀dù tó ní kí wọ́n gbé ajá kúrò máa ń pọ̀ gan-an nínú ohun tó ń dá ajá padà.

Ìbéèrè: Ìyá kan ní Kubwa fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni wọ́n, ọkọ wọn ń ṣiyèméjì.

Ìdáhùn: Kí wọ́n bi Alfa wọn, kì í ṣe èmi. Ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé hadith fàyè gba ajá ọdẹ, ajá ẹran ọ̀sìn àti ajá oko, àti pé mẹ́sábù Maliki, ìyẹn ìlànà òfin ẹ̀sìn tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Nàìjíríà ń tẹ̀ lé, kò ka ara ajá tó wà láàyè sí ìdọ̀tí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abọ́ tí ajá bá lá, ìgbà méje ni wọ́n ń fọ̀ ọ́. Àwọn mẹ́sábù mìíràn le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpinnu yẹn gbọ́dọ̀ parí láàárín tọkọtaya kí ajá tó wọlé. Tí ó bá jẹ́ pé wọ́n jọ ń gbé kọ̀ḿpáàǹdì kan pẹ̀lú àwọn Hausa ni, kí wọ́n bá àwọn náà sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí wọ́n fi ibi tí ajá ò ní dé hàn wọ́n, ní pàtàkì ibi tí wọ́n ń tẹ́ ẹní ìkírun sí. Tí àgbàlagbà kan ṣoṣo nínú ilé bá ní òun ò fẹ́, ẹ má gbé e fún wọn.

Ìbéèrè: Dìgbòlugi ńkọ́? Ẹ̀rù ń ba ìyá mi pé mo ń lọ síbẹ̀.

Ìdáhùn: Ìyá ẹ ò jayò pa. Tí àmì dìgbòlugi bá ti yọ lára èèyàn, ekukáká ni ẹnikẹ́ni fi máa ń yè é, àjọ ìlera àgbáyé WHO sì sọ pé ọ̀dọ̀ ajá ni nǹkan bí 99 nínú 100 tó ń mú èèyàn ti ń wá. Láti bí oṣù 3 ni wọ́n ti ń gún ajá lábẹ́rẹ́ ẹ̀, tí wọ́n á sì máa tún un gún. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Abuja wà ní Gwagwalada, àwọn NVRI, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba lórí àrùn ẹranko, ní Vom lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jos sì ń ṣe abẹ́rẹ́ náà níbí. Àyájọ́ dìgbòlugi lágbàáyé ni September 28, tẹ́tí sílẹ̀ nígbà yẹn torí wọ́n máa ń gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́ níbòmíràn. Tí ajá bá bù ẹ́ jẹ, fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó o sì lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an, má fi àgbo sí i kó o wá máa wò ó.

Ìbéèrè: Tó bá wá rí ilé, kí ni kí wọ́n ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Ìdáhùn: Díẹ̀ ni kí wọ́n ṣe. Yàrá kan tàbí kọ̀rọ̀ kan, omi, oúnjẹ tó ń jẹ lọ́dọ̀ yín, àti aṣọ tó ń sùn lé kó lè gbọ́ òórùn ara ẹ̀. Kí wọ́n má wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má pe ará àdúgbò wá wò ó, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ lé e lórí. Kí wọ́n jókòó sílẹ̀, kí wọ́n kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, kí wọ́n máa ju ẹran díẹ̀díẹ̀ sí iwájú ẹ̀ láìwò ó lójú. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ni kí ìpayà rọlẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kó mọ bí ilé ṣe ń lọ, oṣù mẹ́ta kó tó gbà pé ilé òun ni, fún tiyín yìí ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ̀ mọ́ wọn létí jù ni okùn. Òwe ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ti ajá yìí wá rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, tí ẹ̀rù bá ti gbá a mú, ẹ lè pe orúkọ ẹ̀ títí, kò ní gbọ́. Bẹ́líìtì ọrùn nìkan ò tó, á yọ orí jáde nínú ẹ̀, ẹ fi èyí tó ń gba àyà kọjá kún un, kí okùn méjì wà lára ẹ̀ látinú ọkọ̀ títí wọ inú ilé, kí ẹ ti géètì kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Ajá tó bá sá lọ lọ́nà Airport Road, ẹ lè má rí i mọ́. Ẹ má sì gbé e lọ láàárín December, báńgà ọdún Kérésì àti ti ọdún tuntun á ba gbogbo iṣẹ́ yín jẹ́, ẹ jẹ́ kí January dé.

Ìbéèrè: Tí wọ́n bá dá a padà ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ gbà á, ẹ má bú wọn, torí ẹni tí ẹ bá bú lónìí, ẹlòmíì tó bá gbọ́ á kúkú tú ajá tiẹ̀ sílẹ̀ sígboro. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí: ṣé ó jẹun, ta ló kọ́kọ́ sún mọ́, ariwo wo ló kó jìnnìjìnnì bá a, ṣé ó lè dá wà nílé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi hàn ẹni tó bá tún fẹ́ ẹ. Ìwọ fúnra ẹ ni kó o máa pe wọ́n, lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn oṣù kan, má dúró dìgbà tí wọ́n bá pè ẹ́, torí ojú máa ń ti àwọn èèyàn láti sọ pé nǹkan ò lọ dáadáa, ọjọ́ tí wọ́n bá sì pè, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gbé e sínú ọkọ̀.