Ọ̀kẹ́rẹ́ ń jẹ ẹyin, àmọ́ òun kọ́ ló lé ẹyẹ lọ

Bí fídíò ọ̀kẹ́rẹ́ tó gbé ọmọ ẹyẹ há ẹnu bá ti bọ́ sórí WhatsApp, láti Kàbà dé Ìsánlú, nílẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi, lẹ ó ti máa gbọ́ ọ: "Ṣé ẹ rí i? Ọ̀kẹ́rẹ́ ló jẹ ẹyẹ oko wa tán." Ẹlòmíì á ní bó ṣe rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà nìyẹn, pé ọ̀kẹ́rẹ́ àjèjì ti run ẹyẹ ibẹ̀. Wọ́n lú òótọ́ mọ́ irọ́ níbẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ń jẹ ẹyin. Ẹni tó bá ní ẹ̀kùrọ́ nìkan ló mọ̀, kò tíì wò ó dáadáa. Bí èso bá wọ́n, kì í fojú fo ẹyin, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣàánú ọmọ ẹyẹ tí kò tíì hu ìyẹ́.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ìtẹ́ náà kí ẹ tó dájọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀kẹ́rẹ́, á fi eyín lu ẹyin, èèpo á sì fọ́ sínú ìtẹ́ tàbí sábẹ́ igi. Ejò máa ń gbé e mì lódindi ni, ìtẹ́ á sì wà gedegbe bí ẹni pé ẹyẹ ò yé síbẹ̀ rí. Ní ti ẹ̀ga tó ń so ìtẹ́ rọ̀ sórí ọ̀pẹ, tí ẹnu ìtẹ́ dojú kọlẹ̀, àwòdì kan wà, aláwọ̀ eérú, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Á rọ̀ mọ́ imọ̀ ọ̀pẹ, á ki ẹsẹ̀ bọ inú ìtẹ́ (oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká síwájú, ó ń ká sẹ́yìn), á sì fa ọmọ ẹ̀ga jáde. Ẹyẹ yìí kan náà tún ń jẹ ẹyìn ọ̀pẹ. Kò sẹ́ni tó ń ya fídíò tirẹ̀ kiri.

Ká wá dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1876 ni wọ́n tú ọ̀kẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní Henbury, ní Cheshire. Jàǹbá tó ṣe ò kéré. Ó ń kó àrùn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ pa òun ran ọ̀kẹ́rẹ́ pupa onílẹ̀, ó ń jẹ oúnjẹ mọ́ ọn lẹ́nu, ó tún ń bó èèpo igi. Ẹyẹ ńkọ́? Ìwádìí kan lórí ẹyẹ inú igbó England jáde ní 2010: fún èyí tó pọ̀ jù nínú irú ẹyẹ tí wọ́n yẹ̀ wò, wọn ò rí ẹ̀rí pé ọ̀kẹ́rẹ́ ló dín iye wọn kù. Díẹ̀ péré ló jọ pé ó ń pa lára.

Ẹ wo àdàbà. Igi wẹ́wẹ́ mélòó kan ló fi ń tẹ́ ìtẹ́, ẹ lè dúró nísàlẹ̀ kí ẹ máa wo ẹyin rẹ̀ láàárín wọn. Ohun gbogbo ló ń jí i kó. Ìgbà wo lẹ dé ìlú Ìyàrá tí ẹ ò gbọ́ ohùn àdàbà? Bí wọ́n bá kó ẹyin rẹ̀ lónìí, á tún òmíràn yé.

Cecil Rhodes, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì olóṣèlú kan, náà kó ọ̀kẹ́rẹ́ eérú yìí lọ sí Cape Town ní South Africa, ní nǹkan bí ọdún 1900. Kò tíì rìn jìnnà sí agbègbè náà títí dòní, torí igi oak àti pine tí àwọn òyìnbó gbìn ló gbójú lé.

Ọ̀kẹ́rẹ́ tiwa kì í ṣe àjèjì ní tirẹ̀. Òun, ẹ̀ga àti àkókó ti jọ ń gbé igbó yìí kí ẹnikẹ́ni tó dá oko síbẹ̀. Ohun tó yí padà láàárín wa ni èédú. Igi àgbà tó ní ihò, tí àkókó àti òwìwí ń yé sí, òun la ń gé sun. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, a ó tún tiná bọ koríko nítorí eku, a ò ní rántí àparò tó ń yé sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń fi rọ́bà ta ẹyẹ ò sì gbẹ́yìn.

Ẹ̀yin ará Òkun, bí igi gbígbẹ oníhò bá dúró sí ààlà oko yín, tí kò sì ní wó lu ẹnikẹ́ni, ẹ fi í sílẹ̀. Àkókó á padà síbẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà lè bá a du ihò ọ̀hún.