Ta Ló Ní Kí Ẹ Rin Ẹgbàárùn-ún Ìṣísẹ̀?

Oṣù Kejì ọdún ni yàrá iṣẹ́ mi máa ń kún jù. Iṣẹ́ físíò, ìyẹn títọ́jú iṣan àti oríkèé ara, ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Eékún, ọrùn-ẹsẹ̀ àti gìgísẹ̀ tó bá wọlé tọ̀ mí wá lásìkò yẹn, ìpinnu ọdún tuntun ló bí púpọ̀ nínú wọn. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí kò sáré mọ́ láti ìgbà tó ti ṣe àgùnbánirọ̀, á ra bàtà tuntun, á máa sáré láti Bódìjà dé ẹnu géètì Yunifásítì láràárọ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó dùn. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń ya fọ́tò ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Kó tó pé oṣù kan, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Bí mo bá bi í pé kí ló lé e, ìdáhùn kan náà ni: "Ẹgbẹ́ wa ló ní kí kálukú máa rin ìṣísẹ̀ 10,000 lóòjọ́, Dókítà." (Èmi kì í ṣe dókítà, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí láti máa tún un ṣe.)

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹgbàárùn-ún yẹn ti wá. Ní 1965, ọdún kejì ìdíje Òlíńpíìkì tí wọ́n ṣe ní Tokyo, ilé-iṣẹ́ kan ní Japan gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde tí èèyàn lè fi há ìgbànú, tí á máa ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Manpo-kei ni wọ́n pè é, ìyẹn "ẹ̀rọ tó ń ka ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀." Orúkọ ọjà ni o! Kò sí oníṣègùn kan tó jókòó wọn ara èèyàn kó tó mú iye yẹn jáde. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá wọ̀n ọ́n lóòótọ́, ohun mìíràn ni wọ́n rí. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2019 tẹ̀ lé àwọn ìyá àgbà tó lé ní 16,000. Tí a bá ro ọjọ́ orí wọn pọ̀ tí a pín in, ẹni ọdún 72 ni wọ́n. Ikú kò pa àwọn tó ń rin nǹkan bí 4,400 lóòjọ́ tó àwọn tí kò rìn ju 2,700 lọ. Nígbà tó fi máa dé nǹkan bí 7,500, àǹfààní náà ti dúró sójú kan. Àlàfo tó wà láàárín 2,700 sí 4,400 kò ju kéèyàn rìn dé ìta títì kó sì padà wálé.

Kí ló wá ń ṣe àwọn tó ń sáré láti Bódìjà? Ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń tètè mọ́ iṣẹ́ lára. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sáré. Ṣùgbọ́n iṣan líle tó so ẹran ẹsẹ̀ mọ́ egungun, irú èyí tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn sí i tó bó ṣe ń ṣàn sí ẹran ara, oṣù mélòó kan ló sì máa ń gbà kó tó le dáadáa. Èémí á ní ó yá, gìgísẹ̀ á ní ẹ dúró ná. Èémí la máa ń gbọ́ tirẹ̀.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́, nítorí náà eku ni mo kọ́kọ́ máa ń wọ̀n. Fún ọjọ́ méje, ẹ má yí nǹkan kan padà. Ẹ fi fóònù sápò, ẹ jẹ́ kó máa ka ẹsẹ̀ yín lọ́jà, ní ṣọ́ọ̀bù, ní ọ́fíìsì. Ká ní 3,000 ló bọ́ sí lóòjọ́, 3,300 ni màá ní kí ẹ gbìyànjú, ẹ ó sì wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ká tó fi kún un. Ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi mí rín. Wọ́n ní ó kéré. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń ní kí wọ́n mú iye kejì, ti ọjọ́ burúkú. Ọjọ́ tí òjò ò dá, tí kò síná láti àná, tí ooru àti ẹ̀fọn ò jẹ́ kéèyàn sùn. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ yí ilé ká fún ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. Láti 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti pa òfin àtijọ́ tì, èyí tó ní ìrìn tí kò bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan kò sí nínú ìṣirò. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́, ó kéré tán, ẹ sì lè ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́ bó bá ṣe wù yín.

Ara tó bá ń ro yín ńkọ́? Ẹ fún ìrora náà ní máàkì, láti òdo dé mẹ́wàá. Bí kò bá ju mẹ́ta lọ nígbà tí ẹ ń rìn, tí ilẹ̀ sì mọ́ tó ti lọ, ẹ máa bá a lọ. Bó bá bá yín jí, iṣẹ́ àná ti pọ̀ jù. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kó má fọkàn tán aago ọwọ́ tó ń ka ìlùkìkì ọkàn, torí irú àwọn oògùn kan wà tí kì í jẹ́ kí ọkàn yára. Ẹnu yín ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n: bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tí ẹ ò lè kọrin, ó dára bẹ́ẹ̀. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ dúró, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági wá bá mi lọ́dún kan. Kò bá mi sọ ti ìṣísẹ̀ rárá. Ọmọkùnrin rẹ̀ fẹ́ gbéyàwó ní oṣù kẹwàá sí ìgbà yẹn, ìyá náà sì fẹ́ bá ẹbí ọkọ kúnlẹ̀ kí àwọn àna lọ́jọ́ ìdána. Eékún rẹ̀ méjèèjì ti jẹ. Ohun rírọ̀ tó ń la egungun méjì láàárín ti gbó níbẹ̀. Mo sọ fún un pé mi ò lè ṣèlérí eékún méjèèjì nílẹ̀. Ó bínú. Ọ̀sẹ̀ méjì kò rí mi. Nígbà tó padà dé, a bẹ̀rẹ̀ láti orí àga: kó dìde láì fọwọ́ tì í, ìgbà márùn-ún, ojoojúmọ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, àga tó rẹlẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, àpótí ìdáná.

Lọ́jọ́ ìdána, ẹsẹ̀ kan ló fi kúnlẹ̀ lórí ìrọ̀rí, àbúrò rẹ̀ dì í lápá mú. Ó ní kò tíì kí wọn tán tí ìyá ìyàwó fi ní, "Ẹ dìde, Mọ́mì, ó tó."