Aago Kútọnu, Aago Abidjan: Bí A Ṣe Ń Ka Àkókò Inú Tíkẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Òfurufú

Ìyá kan tí wọ́n ń ta aṣọ ní ọjà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) mú tíkẹ́ẹ̀tì wọn wá bá mi, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé ìṣẹ́jú 15 péré ni bàálù fi ń dé Abidjan ni?” Wọn kò ṣì í kà: ọkọ̀ yóò gbéra ní Kútọnu ní aago 2:00 ọ̀sán, yóò sì balẹ̀ ní Abidjan ní aago 2:15. Láti ìgbà tí mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, n kò rí ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń bi mí tó èyí, ó sì yẹ ká dáhùn rẹ̀ yékéyéké, nítorí ẹni tí kò bá yé lè pàdánù ọkọ̀ kejì tó fẹ́ wọ̀.

Aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń kọ sínú tíkẹ́ẹ̀tì. Aago kan náà ni Benin àti Nàìjíríà ń lò, ṣùgbọ́n Togo, Ghana àti Côte d'Ivoire fi wákàtí 1 wà lẹ́yìn wa. Bí aago 2:00 bá lù ní Kútọnu, aago 1:00 ni ní Abidjan. Wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 15 ni ìrìn àjò ìyá náà. Nígbà àbọ̀, tí ọkọ̀ bá gbéra ní Abidjan ní aago 10:00, tíkẹ́ẹ̀tì lè sọ pé 12:15 ni yóò dé, bẹ́ẹ̀ sì ni kò pẹ́ ju ti àlọ lọ. Ti Lomé tún yani lẹ́nu jù: ọ̀nà ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 130 kílómítà, débi pé ẹni tó gbéra ní Kútọnu ní aago 10:00 lè balẹ̀ kí aago Lomé tó lu 10:00.

Ní ti ìjìnnà, tí a bá fa ìlà tààrà láti pápákọ̀ Kútọnu dé ti Abidjan, nǹkan bí 710 kílómítà ni. Ọkọ̀ jẹ́ẹ̀tì a máa sá ju 800 kílómítà lọ ní wákàtí 1 tó bá ti dé òkè, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ ìṣirò fi ń sọ pé kò yẹ kó tó wákàtí kan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti kúrò níbi tó gúnlẹ̀ sí ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, títí tí yóò fi dúró pátápátá ní ìlú kejì, kì í sì í sá tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń gòkè tàbí tó ń sọ̀kalẹ̀. Atẹ́gùn náà tún ń bẹ. Ọkọ̀ òfurufú máa ń kọjú sí atẹ́gùn láti balẹ̀, èyí tó sì wọ́pọ̀ jù ní etíkun wa ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn; nítorí náà, ọkọ̀ tó ń ti Abidjan bọ̀ sábà máa ń kọjá Kútọnu lọ sí ìhà ìlà-oòrùn kó tó yí padà wá balẹ̀. Ẹ má fòyà tí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀ lójú fèrèsé. Awakọ̀ kò ṣìnà. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ kékeré alábẹ̀bẹ̀ ni, tí eré rẹ̀ kò ju nǹkan bí 500 kílómítà ní wákàtí, yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwa ará Àjàṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà Kútọnu kún un, ó lé ní 30 kílómítà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì lè dí i pa. Fún ọkọ̀ aago 2:00, mo ní kí ìyá kúrò nílé ní aago 10:00 àárọ̀. Mo wá kọ ọ́ sẹ́yìn tíkẹ́ẹ̀tì wọn pé 3:15 ni yóò jẹ́ nílé níbí nígbà tí wọ́n bá balẹ̀, ṣùgbọ́n 2:15 ni kí wọ́n sọ fún ọmọ wọn tó ń bọ̀ wá pàdé wọn.