Ẹ Má Bó Sítáǹbù Kúrò Lára Lẹ́tà Bàbá Yín

Ìyá kan gbé agolo bisikíìtì tọ̀ mí wá nílé ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Lẹ́tà bàbá rẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ẹjọ́ ilẹ̀ wà láàárín òun àti àwọn ọmọ orogún ìyá rẹ̀, lọ́yà sì ní kó wá ohunkóhun tó lè fi ọdún tí bàbá ra ilẹ̀ náà hàn. Lẹ́tà kan sọ̀rọ̀ ilẹ̀ ọ̀hún dáadáa, àní ó dárúkọ igi ọ̀pẹ tó wà ní ààlà. Àmọ́ "alẹ́ Sátidé" nìkan ni bàbá kọ sókè rẹ̀. Kò sí ọdún. Ọmọ-ọmọ ìyá sì ti bó sítáǹbù ara àpò lẹ́tà náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ P&T, ẹ bá mi wò ó."

Mo pẹ́ nídìí káńtà pósófíìsì, láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń pè wá ní P&T (ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó lẹ́tà àti tẹlifóònù) títí wọ́n fi pín wa sí méjì. Bí mo ṣe máa ń ka àpò lẹ́tà àtijọ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, torí kì í ṣe ìyá yìí nìkan ló ń béèrè.

Orúkọ ìlú tó wà lórí sítáǹbù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọdún 1852 ni òyìnbó ṣí pósófíìsì sí Èkó, abẹ́ ọ́fíìsì London ló sì wà títí di 1874, ọdún tí sítáǹbù tí wọ́n kọ "Lagos" sí jáde. "Southern Nigeria" dé ní 1901, Èkó dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1906. Èyí tí wọ́n kọ "Nigeria" sí kò ṣíwájú 1914. Lẹ́yìn náà, ẹ wo orí ta ló wà níbẹ̀. George Karùn-ún kú ní 1936, George Kẹfà ní 1952, Elizabeth ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn òmìnira, sítáǹbù tuntun tó jáde ní 1961 kò gbé orí ọbabìnrin mọ́. Tó bá jẹ́ kọ́bọ̀ ni wọ́n kọ sí i, kò lè ṣíwájú January 1973 tí a bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti pẹ́nì kan, tí àwọn àgbà ń pè ní kọ́bọ̀ láyé òyìnbó, tó jáde ní 1936. Kòkó ni wọ́n yà sí i, kòkó ló sì rán mi nílé ìwé. Wọ́n ya gẹdú, wọ́n ya òwú, wọ́n ya màlúù, wọn ò ya obì Rẹ́mọ. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ ṣọ́ra o, tí ẹnikẹ́ni bá gbé lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ pósófíìsì Ìjẹ̀bú-Òde wá, tó ní ti 1880 ni. Irọ́ ni. Àwọn ará Ìjẹ̀bú kì í ṣínà fún òyìnbó nígbà yẹn; ogun Ìmágbọ̀n, ní oṣù Karùn-ún 1892, ló fi tipátipá ṣí i. Àrokò ni àwọn baba wa ń lò. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a so pọ̀ ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ ń sọ pé ìwà wa jọra, ọ̀rọ̀ wa jọ. Àrokò kò nílò sítáǹbù, kò sì ní déètì. Ẹ tún mọ̀ pé ìwé ìjọba àtijọ́ máa ń kọ Ìjẹ̀bú ní "Jebu", Ṣàgámù ní "Shagamu". Ẹ má tìtorí ìyẹn pè é ní ayédèrú.

Wáyà (tẹligíráàmù) ní tirẹ̀, ìwé pélébé ni, wọ́n sì máa ń kọ iye ọ̀rọ̀ sókè rẹ̀, torí iye ọ̀rọ̀ ni owó rẹ̀. Ẹ kà á, kí ẹ ka àdírẹ́sì àti orúkọ ẹni tó ránṣẹ́ mọ́ ọn. Tí kò bá bára mu, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Owó yẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú wáyà gbẹ bí igi oko. Ó wá burú sí i pé wáyà kò mọ àmì ohùn. "OKO TI DE APAPA": ṣé ọkọ ìyàwó ló dé ni, àbí ọkọ̀ ojú omi? Àwọn ọ̀gá wa máa ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyàwó tó gbà á kò ní rẹ́rìn-ín.

Ti tẹlifóònù kò ní pẹ́. Wáyà abẹ́ òkun so Èkó mọ́ London ní 1886, àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó sì ní tẹlifóònù ní 1893. Síbẹ̀, nígbà tí a fi gba òmìnira, ìlà 18,724 péré ló wà ní gbogbo Nàìjíríà. P&T ló ń bójú tó ìpè inú ilé; láti 1962, ilé iṣẹ́ mìíràn, NET, ló ń bójú tó ti òkè òkun. Ní January 1985 ni wọ́n da tẹlifóònù wa pọ̀ mọ́ NET, ó di NITEL. Apá lẹ́tà di NIPOST. Ojú kan ni a ti ń jẹun tẹ́lẹ̀, a wá di ará ọ̀tọ̀. GSM dé ní 2001, ẹ mọ ìyókù.

Ẹni tó bá ń wá ìwé ìjọba ti ẹkùn Ìjẹ̀bú láyé òyìnbó, kó má wulẹ̀ máa dààmú àwọn ọmọ pósófíìsì. Ìbàdàn ni kó lọ, sí ilé àkójọ ìwé ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì.

Òǹtẹ̀ ló wá kù. Sítáǹbù kàn ń sọ pé "láàárín ọdún báyìí sí báyìí" ni, òǹtẹ̀ ló ń dárúkọ ọjọ́. Ká ní lẹ́tà rẹ́jísítà ni ti ìyá yìí, ìbá rọrùn, torí wọ́n máa ń tẹ òǹtẹ̀ ìlú tó dé sí ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́tà lásán ni. Òǹtẹ̀ iwájú nìkan ló ní, a sì máa ń tẹ ìyẹn kó bọ́ sórí sítáǹbù díẹ̀, kó bọ́ sára àpò díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè tún sítáǹbù náà lò. Ẹni tó bó sítáǹbù ti bó ìdajì déètì lọ nìyẹn. Ohun tó kù lára àpò náà ni "GOS" àti "14 JU".

Mo bi í pé níbo ni ọmọ náà kó sítáǹbù sí. Ó ní ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé ìṣirò rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé e wá. Orí George Kẹfà mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, a sì ń gbé àpò náà sún mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkeje ni ìlà òǹtẹ̀ ti pàdé, "LA" bá "GOS", "49" sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ìyá ti na ọwọ́ kó ṣí i kúrò, kó lẹ̀ ẹ́ padà sáyè rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Sítáǹbù tí a tún lẹ̀ máa ń jọ ti gbájú-ẹ̀. Mo ní kó gbé ìwé ìṣirò náà lọ bá lọ́yà bó ṣe wà, kó sì mú ọmọ náà dání.