Ọ̀pẹ Rhapis: ìdámọ̀ àti gbígbìn rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Rhapis ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ìran ọ̀pẹ kékeré kan tí a ń gbìn fún ẹwà. Kì í ṣe ọ̀pẹ tí à ń fún epo tàbí tí à ń dá ẹmu lára rẹ̀. Láti gúúsù Ṣáínà dé Vietnam, Laos àti Thailand ni ó ti ń hù nínú igbó, lábẹ́ òjìji igi ńlá.

Ẹni tí ó mọ ọ̀pẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè má kà á mọ́ ọ̀pẹ rárá. Púpọ̀ ni igi rẹ̀ ń yọ láti ìdí kan ṣoṣo, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ohun tó dà bí irun sì bò wọ́n lára. Bí irun náà bá bọ́, ara igi a máa dán, oríkèé rẹ̀ a sì hàn. Ewé rẹ̀ kò tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bíi ti imọ̀ ọ̀pẹ. Ojú kan ni gbogbo ẹ̀là rẹ̀ ti ya, bíi ti àgbọn olódù inú ọ̀dàn, àmọ́ ó kéré sí ìyẹn púpọ̀. Igi akọ yàtọ̀, igi abo yàtọ̀, nígbà tí ọ̀pẹ elépo ń yọ òdòdó méjèèjì lórí igi kan.

Rhapis excelsa ni àwọn ènìyàn ń gbìn jù. Carl Peter Thunberg, ará Sweden tó ti dé Japan, ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ní 1784. Ẹ̀là ewé rẹ̀ fẹ̀. Orí wọn dà bí ẹni pé a gé e, ó sì ní eyín wẹ́wẹ́. Ẹ̀là Rhapis humilis pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì ṣe ṣóńṣó lórí. Akọ nìkan ni a mọ̀ nínú humilis tí àwọn ènìyàn ń gbìn, nítorí náà kì í so. Ọmọ ìdí rẹ̀ ni a fi ń sọ ọ́ di púpọ̀. Rhapis multifida, láti Guangxi àti Yunnan ní Ṣáínà, ní ẹ̀là tóóró púpọ̀. Rhapis subtilis ló ṣòroó dá mọ̀ jù, torí ewé igi kan lè yàtọ̀ pátápátá sí ti èkejì. Kíka ẹ̀là nìkan kò sì tó: igi tí kò tíì dàgbà kì í ní ẹ̀là púpọ̀, irú yòówù kó jẹ́.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, oòrùn àti ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ igi mángòrò dára fún un. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí a ya ọmọ kúrò lára ìyá pẹ̀lú gbòǹgbò tirẹ̀, kí a gbìn ín sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, nínú ilẹ̀ dúdú tí a po ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà mọ́. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìyọ ewé. Kò tíì kú. Nígbà ọyẹ́, orí ewé a máa gbẹ, àwọn tó ń ta òdòdó a sì fi àlùmọ́gàjí gé ibi gbígbẹ náà. Ìgbà yẹn ni humilis ń jọ excelsa, torí orí ṣóńṣó ti lọ. Ewé tuntun tí àlùmọ́gàjí kò tíì kàn ni kí ẹni tó fẹ́ rà á wò.